Abẹ́rẹ́ Tí Ìyá Mi Ń Dúró Dè

Ìgò ni mo ń fọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, nítorí ohun tí n kò tètè sọ nìyẹn, òun ló sì fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí. N kì í ṣe dókítà, n kò sì fìgbà kan jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Yunifásítì ńlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, inú láàbù tí wọ́n ti ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ sì ni, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n máa fọ ìgò, kí n máa yan án nínú ààrò oníná, kí n sì tò ó sórí pẹpẹ fún àwọn tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Ọdún tó tẹ̀lé ìbò tí àwọn ológun fagi lé ni mo kúrò ní Ọ̀wọ̀. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ láàbù ní póli, mo sì ti fi ọdún méjì wáṣẹ́ títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu. N kò ní sọ bí mo ṣe dé ibi tí mo dé. Ẹni tó ti rin irú ìrìn yẹn mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì rìn ín kò ní gbà á gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù tí gbogbo ayé fi ń dẹ́rù bani. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ènìyàn lè jí, kó wẹ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì, kó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè bóyá ó jí dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bá ìyá àgbà òyìnbó kan ní ibùdókọ̀, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i. Ìyá náà sáré dì mí lápá mú. Ó ní ṣé orúnkún ń dùn mí ni, ṣé kí òun bá mi pe ẹnìkan. Mo ní rárá, mo kàn ń kí i ni. Ó wò mí títí bọ́ọ̀sì fi dé. Láti ọjọ́ yẹn ni orúnkún mi ti gbọ́n.

Mo kọ́kọ́ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan kí n tó rí iṣẹ́ ìgò. Ohun tí mo pàdánù jù lọ níbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Kú iṣẹ́ ni. Nílé, bó o bá kàn ń gbálẹ̀, ẹni tó ń kọjá á ní kú iṣẹ́. Mo tẹ́ ẹgbẹ̀rún bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìgbà tí mo wá pe ilé, tí ìyá mi sì sọ ọ́ lórí fóònù pé, "Ọma mi, kú uṣẹ́," ní ohùn Ọ̀wọ̀ wa gẹ́lẹ́, mo gbé ojú mọ́ ògiri, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ṣeré lójú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹ̀ka ìlera. Láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ló ti ń gbé àjẹsára lọ sí àwọn abúlé, Upenmen, Okeluse, Imoru, ibi tí ọkọ̀ bá dé àti ibi tí kò dé. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ní kúlà aláwọ̀ búlúù kan, tí ó ń to yìnyín sí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó ń fi àjẹsára sí àárín. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí máṣìnì pẹ̀lú kúlà yẹn lórí itan. Kò gbọdọ̀ ṣí. Ó máa ń sọ fún mi pé bí oòrùn bá fi lè kan ohun tó wà nínú rẹ̀, omi lásán la ń gún fún ọmọ ọlọ́mọ, ìyá rẹ̀ á sì máa rò pé ọmọ òun ti bọ́. Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí. Itan mi á máa tutù títí a ó fi dé.

Nítorí náà ni àwọn ìyá abúlé kò fi ń bá a jiyàn. Tó bá ní kí wọ́n mú ọmọ wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á mú un wá. Tó bá ní kí wọ́n dúró dè é, wọ́n á dúró, bí òjò bá ń rọ̀ pàápàá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀. N kò rí i kó já wọn kulẹ̀ rí.

Ọ̀gá mi ní láàbù, Dókítà Ruth, obìnrin kúkurú kan tó máa ń rìn bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀, ni ó la ohun tí wọ́n ń ṣe yé mi. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn dúró létí ibi tí mo ti ń fọ ìgò lọ́jọ́ kan, ó sì ń ṣàlàyé.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó ní, sẹ́ẹ̀lì kan wà tó yọ ẹ̀ka bí igi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ara kiri. Tó bá rí àjèjì, á mú àmì rẹ̀ lọ han àwọn ọmọ ogun ara, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá jà. Ìṣòro jẹjẹrẹ ni pé ọmọ ilé ni. Ara kì í kà á sí àjèjì. Wọ́n wá ń fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka yìí nínú ìgò fún bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń fi àmì jẹjẹrẹ hàn án, wọ́n sì ń dá a padà sára. Àjẹsára nìyẹn, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí Dókítà Ruth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń ṣe ni pé wọ́n ń yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní RNA lára kókó jẹjẹrẹ náà, wọ́n ń kì í bọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka. Òjíṣẹ́ ni RNA yìí. Ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ohun báyìí ni kó máa ṣe jáde. Tó bá ti wọlé jíṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà á máa fúnra rẹ̀ ṣe àmì ọ̀tá, á sì máa gbé e kiri fún àwọn ọmọ ogun rí. Àjẹsára náà á wá lágbára. Kókó tí kò ju èékánná lọ sì ti tó, nítorí ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń sọ RNA díẹ̀ di púpọ̀.

Àmọ́ òjíṣẹ́ yìí kò lè gba ìyà kankan. Ìka lásán tó bá kan inú ìgò ti bà á jẹ́. Òógùn wa, itọ́ wa, àní awọ ara wa, ohun tó ń gé e wẹ́wẹ́ wà nínú gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan ìgò nínú ààrò, tí n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́, tí mo sì ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí n tó jẹun ọ̀sán. Orí yìnyín ni òjíṣẹ́ náà ń gbé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ ìyá mi náà ni mo wá ṣe ní òkè òkun.

Ẹni tó wà níbẹ̀ kí èmi tó dé kò ṣe é bó ṣe yẹ. RNA wọn ń bàjẹ́, wọn kò sì mọ ibi tó ti ń bàjẹ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta tí mo bẹ̀rẹ̀, Dókítà Ruth mú àwòrán kan wá, ìlà méjì tó mọ́ ketekete lórí ilẹ̀ dúdú. Ó ní RNA àwọn ti wà lódindi. Ó tọ́ka sí mi lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ìgò rẹ̀ ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó ń kán omi, inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo máa kojú sí. Ẹnìkan ti kí mi kú iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo parọ́ fún ìyá mi.

Kò sí fóònù nílé wa. Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràímì, tó ń ta ìṣó àti ọ̀dà nítòsí Ọjà Ọba, ni mo máa ń pè. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀ lórí itan, á máa dúró. Alhaji á kọ́kọ́ gbé fóònù, á pariwo kí mi bí ẹni pé mo wà lódìkejì odò, á sì gbé e fún un. Gbogbo ohun tí a bá sọ ni Alhaji ń gbọ́, gbogbo ohun tó bá gbọ́ sì ni àdúgbò ń gbọ́.

Ìyá mi béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ó ti bi mí rí, mo sì ti dá a lóhùn lókèlókè. Lọ́jọ́ yẹn, ayọ̀ àwòrán náà ṣì wà lórí mi. Mo ní àjẹsára jẹjẹrẹ ni à ń ṣe. Mo ní èmi ni mò ń bójú tó òjíṣẹ́ inú rẹ̀. N kò sọ pé ìgò. Mo ń ṣàlàyé fún un bí Dókítà Ruth ṣe ṣàlàyé fún mi, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo ń fi ara mi sí ipò Dókítà Ruth. Ìyá mi ń béèrè bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ṣé ó ń fẹ́ yìnyín? Mo ní ó ń fẹ́ yìnyín ju tirẹ̀ lọ. Ibo la ti ń rí òjíṣẹ́ náà? Mo ní lára kókó aláìsàn fúnra rẹ̀. Bó bá kéré ńkọ́? Mo ní bó ti wù kó kéré. Tí wọ́n bá ti gé kókó náà jù nù ńkọ́? Mo ní nígbà náà, kò sí ohun tí a máa fi ṣe é.

Mo rò pé fóònù ti gé. Ó wá ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ tí Alhaji ń sọ fún ẹnìkan lẹ́yìn pé dókítà ni ọmọ yìí ti dà níbẹ̀. Mo lè sọ nígbà yẹn pé rárá. N kò sọ ọ́. Ó dùn létí mi.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn án jẹ. Mo ti rò ó títí, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnìkan wà ní ibì kan nínú ayé tí mo jẹ́ ènìyàn pàtàkì lójú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn kò lè pe orúkọ mi. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ń pe ẹnìkan tí kì í ṣe èmi. Àárín àwọn méjèèjì ni mo ń gbé, mo sì yan èyí tó wù mí nínú wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, n kò rí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ni lẹ́tà Ṣọlá dé. Àbúrò mi obìnrin ni Ṣọlá, tíṣà ni, òun ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa. Ilé ìfọṣọ ni mo ti kà á, aṣọ mi ń yí nínú ẹ̀rọ. Ó kọ ọ́ pé kókó kan wà ní ọyàn Màmá lápá òsì, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Àwọn dókítà ti wò ó, wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ abẹ kíákíá. Màmá kọ̀. Ó ní tí wọ́n bá gé e, wọ́n á jù ú nù, òun sì ní ọmọ tó máa lò ó. Ó ní òun ń dúró kí n sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ti fọ kúlà. Yìnyín wà nínú fìríìjì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣọlá ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ ohun tí a máa ṣe fún wa, nítorí ó ń tóbi."

Ó ti mọ̀ pé kókó wà lára rẹ̀ ní ọjọ́ tó ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyẹn. Kò sọ fún mi kí n má bàa dààmú. Ó kàn fẹ́ mọ bóyá iṣẹ́ mi lè gba òun là, mo sì sọ fún un pé ó lè gbà á là.

Ó yẹ kí n pè lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ló kọjá tí n kò pè. Mo mọ̀ pé ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, pé ó jókòó sórí àpótí ìṣó, pé á máa wo fóònù. Mo jókòó sí yàrá mi, mo ń wo fóònù tèmi náà. Mo ń sọ fún ara mi pé màá bá Dókítà Ruth sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á lè gba kókó náà, bóyá wọ́n á ní kí Màmá wá. Mo ń ro bí màá ṣe lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, tí màá sì mú un wọ láàbù lọ́nà tí kò fi ní rí ibi tí mo ti ń fọ ìgò. Ohun tí mò ń rò nìyẹn nígbà tí kókó náà ń tóbi.

Nígbà tó yá, Dókítà Ruth ló bi mí ohun tó ń ṣe mí, nítorí mo ti fọ́ ìgò méjì ní ọjọ́ kan. Mo sọ fún un. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fà mí jókòó, ó sì sọ òótọ́ fún mi láìfi oyin sí i. Inú eku ni àwọn ṣì ti ń gbìyànjú èyí tó pọ̀ jù lọ. Ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún, àrùn tiwọn kì í ṣe ti ìyá mi, kò sì sí ẹni tó tíì mọ̀ bóyá yóò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ó lè gba ogún ọdún. Ó lè má ṣẹlẹ̀ rárá. Ó ní kí n sọ fún ìyá mi kó lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní ọ̀la, kì í ṣe ọ̀túnla. Ó wá béèrè ìgbà tí mo ti mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, kò bá mi wí. Ó kàn pa ojú rẹ̀ dé díẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo pè, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, Alhaji sì ní láti rán ẹnìkan lọ pe ìyá mi nílé. Ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí èmi náà dúró dè é.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ọkàn mi tó yí padà. Mo ní, "Màmá, n kì í ṣe dókítà. Ìgò ni mo ń fọ̀. Abẹ́rẹ́ kankan kò sí. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ dákun." Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń retí kó gégùn-ún. Mo ń retí kó sunkún.

Ó béèrè pé, "Ṣé ìgò náà máa ń mọ́?"

Mo ní ó máa ń mọ́.

"Ó dáa," ó rọra sọ, nígbà tí Alhaji ń bá oníbàárà nájà lókèèrè. "Má sọ fún Alhaji."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ obìnrin Imoru fún mi. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mẹ́rin tó bí, ìyá mi ló fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́. Irú kókó yìí kan náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ṣì kéré. Ó fi han ìyá mi níkọ̀kọ̀, ìyá mi sì ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e, kó dúró, àwọn méjèèjì á jọ lọ nígbà tí àjẹsára ọmọ òun bá dé. Ó ní òun máa rán Ṣọlá sí i ní ọ̀la. Ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó di ohùn tó fi máa ń bá mi wí nígbà tí mo bá fẹ́ ṣí kúlà lójú ọ̀nà. Ó ní tí obìnrin náà kò bá gba ọ̀rọ̀ Ṣọlá gbọ́, èmi ni màá wá, ẹnu ara mi ni màá sì fi sọ fún un. Mo ṣèlérí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Jẹjẹrẹ náà ti dé abẹ́ apá, ó sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà tó ṣe é sọ fún Ṣọlá pé ká ní ó wá ní oṣù mélòó kan ṣáájú ni. Ṣọlá kò kọ ìyẹn sínú lẹ́tà. Ìgbà tí mo délé ló tó sọ ọ́, mo sì bá a jà pé kó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ni ìyá mi kú. Mo dé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìsìnkú. Ọ̀nà ilé wa kò yí padà, àmọ́ mo rí i pé mo ti ń kọjá lára àwọn ènìyàn láìkí wọn. Ṣọlá ló rán mi létí, ó ní àwọn ènìyàn ń wò mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ wa dókítà tó wá láti òkè òkun. Alhaji Ràímì, tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí ó fi kú, ẹni tó bá béèrè, ó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọmọ òun ń lọ dáadáa. Ó fi ẹ̀tẹ́ mi pamọ́ bí ó ṣe ń fi àjẹsára pamọ́ fún oòrùn. Mo jókòó sórí àga, n kò dìde láti tún ọ̀rọ̀ àlùfáà ṣe.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣọlá gbé kúlà búlúù náà jáde. Ó ní ti ìjọba ni, ti ibùdó ìlera Imoru, Màmá sì ti ní kí a dá a padà. Yìnyín ìgbà yẹn ṣì wà nínú fìríìjì. Ṣọlá kò kó o jáde. Ó ní Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kò sì sí ẹni tó sọ fún òun pé òun lè fọwọ́ kàn án báyìí. Mo kó o sínú kúlà fúnra mi, ọwọ́ lásán, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí màá fi í ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣọlá ti lọ bá Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin náà ti sọ fún un pé Ìyá Alábẹ́rẹ́ ló ní kí òun dúró, Ìyá Alábẹ́rẹ́ kì í parọ́, òun kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gé e àfi tí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà gan-an.

Mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Ifọ̀n, kúlà wà lórí itan mi. Oko kòkó ló wà lápá ọ̀tún, eruku ń bọ̀ lẹ́yìn wa, itan mi sì ń tutù bí ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rò ó pé mo wà nílé. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù fi bà mí.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé rẹ̀. Obìnrin tó lágbára ni, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní mo jọ ìyá mi. Ó wá wo ọwọ́ mi, ó sì rí kúlà. Gbogbo ara rẹ̀ tan. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní, "Dókítà, ẹ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó wá." Kí n tó sọ ohunkóhun, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tú bọ́tìnnì búbà rẹ̀ lápá òsì, bí àwọn ìyá ṣe máa ń tú aṣọ ọmọ wọn sílẹ̀ kí ó tó kàn wọ́n.

N kò rò ó títí mo fi dé ibẹ̀. N kò rò pé kúlà nìkan ti tó láti parọ́ fún mi.

Mo gbé e kalẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, mo sì ṣí i. Mo fi hàn án, yìnyín tó ti ń di omi, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Ẹ má pè mí ní dókítà mọ́, Mà. Ìgò ni mo ń fọ̀ fún àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ náà. Wọn kò tíì rí i, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n gé e nígbà tó ṣì kéré."

Ó wo inú kúlà fún ìgbà pípẹ́. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan yìnyín, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé nǹkan kankan kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó béèrè pé, "Kí wá ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń dúró dè láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó dé bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó ẹ̀gẹ́ tó ti bó sínú omi, ó da aṣọ bò ó, ó sì dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà sí mi níbi tí mo ṣì kúnlẹ̀ sí.

"Ọma mi, dìde," ó ní. "Dúró kí n so gèlè mi."

Mo da yìnyín náà sílẹ̀. Mo dé kúlà, mo jókòó lé e, mo sì dúró dè é.